Orí Kẹfà: Kí Là Ń Sọ Nígbà Tí A Bá Ní Inú Wa Bàjẹ́?

Bí bàbá ẹni 90 ọdún bá fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora ní agbo ilé kan ní Ìrẹmọ, ẹni tó bá wọlé wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ á ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára." Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ìbànújẹ́ wọ ilé náà, bí àwọn ọmọ tilẹ̀ ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ ọdún 25 ló lọ ní agbo ilé kejì, ohùn á yí padà. Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ìlù. Ohun tí wọ́n á wí fún ìyá rẹ̀ ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ dán yín wò mọ́." Wọ́n á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹlòmíràn á sì sùn tì í mọ́jú.

Ìrẹmọ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ńlá tí Ilé-Ifẹ̀ pín sí láti ayébáyé. Ọbalùfẹ̀ ni olórí ibẹ̀. Mo mú un ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ìlú kan náà tí àwọn àgbà ti mọ irú ìkíni tó yẹ irú òfò kọ̀ọ̀kan ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Obafemi Awolowo wà, níbi tí àwọn dókítà ti ń tọ́jú àìsàn ọkàn àti ọpọlọ. Ẹni kan náà lè gbọ́ èdè agbo ilé láàárọ̀, kó gbọ́ èdè dókítà lọ́sàn-án. Ìbéèrè tí orí ìwé yìí fẹ́ dáhùn wà láàrín méjèèjì: nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní fún ìbànújẹ́, èwo ló ń sọ fún wa pé ẹni náà ń ṣàìsàn, pé ìkíni àti ẹkún nìkan kò ní tó o?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú mi bàjẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Àyà mi ń já. Ojú rẹ̀ fà ro. Orí mi gbóná. Ẹ̀yà ara ló ń ṣe olùwà nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá kì í sọ pé "mo bàjẹ́". Ẹ̀sùn ìwà ni ìyẹn jẹ́. Níbi tí kì í bá ti í ṣe ẹ̀yà ara, ohun tó ń pọ́n ọn lójú fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: ìrònú dorí rẹ̀ kodò, ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara, ayé sú u. Ènìyàn kò ṣe nǹkan kan. Nǹkan ló ń ṣe é. Mo gbà pé àánú ńlá wà nínú ìgbékalẹ̀ yìí. Èdè wa kò dá ẹni tó ń sunkún lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ìdí rẹ̀ dání. Àárò jẹ́ ti ẹni tó jìnnà sí wa. Àbámọ̀ jẹ́ ti ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ìjákulẹ̀ jẹ́ ti ìrètí tó yẹ̀. Ọ̀fọ̀ jẹ́ ti ikú àìtọ́jọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bá ẹni tó ti ń bá iṣẹ́ bọ̀ tí agbára rẹ̀ wá tán lójú ọ̀nà. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọbìnrin kan bá wọlé tó ní inú òun bàjẹ́: kò sí ẹni tó ń béèrè bí ìbànújẹ́ náà ṣe tóbi tó. "Kí ló dé?" ni wọ́n á bi í, tàbí "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

Ìbéèrè kejì yẹn fi nǹkan kan hàn. Inú kan náà tó ń bàjẹ́ ló ń bíni. Bí ìyàwó bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé "inú mi ò dùn", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń bínú sí i, kó má sì sí ìbànújẹ́ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìlera tó bá bi ìyá kan pé "Ṣé inú yín ò dùn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?" lè gba ìdáhùn nípa ìjà orogún, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì àìsàn. Ìyá mìíràn tó ń ṣàìsàn gan-an lè dáhùn pé "Inú mi dùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run", nítorí pé kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé aláìmoore lòun.

Àwọn ọ̀rọ̀ wa ń sọ ibi tí ìbànújẹ́ wọ̀ sí lára, wọ́n sì ń sọ ohun tó fà á. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni bó ṣe pẹ́ tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kò dára láàárọ̀ yìí á ní inú òun bàjẹ́. Ẹni tí kò sùn dáadáa láti oṣù 3 náà á ní inú òun bàjẹ́. Dókítà kò lè fi gbólóhùn kan náà tọ́jú àwọn méjèèjì.

Àìsàn tí mo ń sọ yìí ni àwọn oníròyìn ń pè ní ìdoríkodò tàbí ìsoríkọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni àwọn mìíràn ń pè é. Nínú ìwé yìí, àìsàn ìdoríkodò ni mo yàn. Mo fi "àìsàn" ṣíwájú rẹ̀ kí a má baà rò pé ìdoríkodò ọjọ́ kan ṣoṣo ni.

Ìgbà kan wà tí àwọn òyìnbó gbà pé àìsàn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàrín wa. Ní 1953, J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì sọ níbẹ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n láàrín àwọn ọmọ Áfíríkà. Àbùkù ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì pẹ́ tí ọmọ Yorùbá kan fi dá a lóhùn. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní 1954, níbi tó ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn wọ àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì gbé ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ará abúlé kò ní orúkọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo àìsàn náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to àwọn àmì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àìrí oorun sùn, ẹkún tí kò dá, àárẹ̀ tí kò lọ, ohun gbogbo tó sú ni, wọ́n mọ̀ wọ́n dáadáa. Àìsàn náà wà. Abẹ́ orúkọ mìíràn ló wà.

Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ náà ni ọdẹ orí. Ní 1987, Roger Makanjuola, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ifẹ̀, gbé iṣẹ́ jáde lórí rẹ̀. Ẹni tí ọdẹ orí bá ń ṣe á ní nǹkan kan ń rìn kiri nínú orí òun. Nǹkan náà lè sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn tàbí ẹ̀yìn, kó tún padà. Etí á máa hó, ọkàn á máa lù kìkì, oorun á dá lójú. Orúkọ náà sọ ohun tí aláìsàn ń rí lára gan-an: ọdẹ kan wọ inú orí, ó ń dọdẹ kiri, kò sì jáde. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà yẹ àwọn aláìsàn wọ̀nyí wò, àìsàn ìdoríkodò àti àìsàn àníyàn ló wà nídìí ti ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń pe ọdẹ orí ní ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Ó ń ṣe iṣẹ́ kan tí "àìsàn ọpọlọ" kò lè ṣe. Bí ènìyàn bá ní àìsàn ọpọlọ ń ṣe òun, ohun tí àdúgbò ń gbọ́ ni wèrè, àwọn àna á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdílé. Ṣùgbọ́n ìyá lè jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀ kó sọ fún gbogbo ayé pé ọdẹ orí ń da òun láàmú. Wọ́n á káàánú rẹ̀, wọ́n á sì fún un nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé orí ni gbogbo ènìyàn á dojú kọ. Wọ́n á ra Panadol, wọ́n á se àgbo, wọ́n á lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì láàrín oṣù kan.

Bó ṣe sábà máa ń rí ní ilé ìwòsàn nìyí. Ìyá tó tó ẹni 50 ọdún jókòó síwájú nọ́ọ̀sì.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Kí ló ń ṣe yín?"

"Orí ni o, ọmọ mi. Gbogbo ara ló ń ro mí. Nǹkan ń rìn lórí mi, n kì í sùn."

Bí nọ́ọ̀sì bá dúró síbẹ̀, ibà ló máa kọ sínú káàdì. Bó bá béèrè síwájú sí i ńkọ́?

"Láti ìgbà wo, Màmá? Ṣé oúnjẹ ń wọ̀ yín lẹ́nu? Ṣé ẹ ṣì ń lọ sọ́jà?"

"Ọjà kẹ̀? Láti ìgbà tí a ti sin bàbá wọn ni n ò ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Kò kàn wù mí."

"Kò wù mí" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí nọ́ọ̀sì fà lé. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lásán máa ń sunkún, àmọ́ bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá gun orí itan rẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹkún á bẹ̀rẹ̀, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú àìsàn ìdoríkodò, adùn nǹkan ló lọ: ọmọ-ọmọ, orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹran ọdún, owó tó wọlé, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà lójú rẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ara ni ìbànújẹ́ ti ń sọ̀rọ̀? Iṣan ìmọ̀lára gígùn kan wà tó ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ gba ọrùn lọ sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ikùn àti ìfun. Iṣan alárìnkiri ni mo pè é, nítorí pé kò sí iṣan orí mìíràn tó rìn jìnnà tó o. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ kì í gbé àṣẹ wálẹ̀. Ìròyìn ni wọ́n ń gbé lọ sókè, láti inú ara sí ọpọlọ. Ara ìfun nìkan ní sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tó lé ní mílíọ̀nù 100. Nígbà tí a bá gba ìròyìn burúkú, ìlù ọkàn yí padà, èémí yí padà, ìfun fún pọ̀ tàbí kó dẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń dé ọpọlọ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tó sọ pé inú òun bàjẹ́ ń ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan. Àwọn onímọ̀ kan ní Finland, tí Lauri Nummenmaa jẹ́ olórí wọn, fún àwọn ènìyàn 701 láti Finland, Sweden àti Taiwan ní àwòrán ara ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n kun ibi tí ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan ti ń le sí i àti ibi tó ti ń rọlẹ̀. Ní ti ìbànújẹ́, wọ́n kun àyà, wọ́n sì fi hàn pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rọlẹ̀. Iṣẹ́ náà jáde ní 2014. Ohun tí àwọn àgbà wa ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ní ìròyìn kan mú kí ọwọ́ ẹni rọ ni wọ́n yà sórí ìwé.

Bí ìbànújẹ́ ṣe ń di àìsàn gba àlàyé díẹ̀. Ẹṣẹ́ kékeré méjì wà lórí kíndìnrín wa. Nígbà tí ewu bá dé, ọpọlọ á pàṣẹ fún wọn láti tú èròjà kan tó ń jẹ́ cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol á kó ṣúgà jáde fún iṣan ẹran ara láti lò, á sì jẹ́ kí ojú là. Lójoojúmọ́, ó máa ń ga nígbà tí a bá ń jí, á sì lọ sílẹ̀ ní òru kí a lè sùn. Nígbà tó bá pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á mọ̀, á ní kó dáwọ́ dúró. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn ìdoríkodò tó le, àṣẹ ìdáwọ́dúró yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó dà bí ilé tí iná NEPA ti dé, àmọ́ tí wọn ò pa jẹnẹrétọ̀: ewu ti lọ, epo ṣì ń jó, ariwo ò sì jẹ́ kí ará ilé sùn. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi ń jí láago mẹ́ta òru tí oorun kò sì padà, tí ara rẹ̀ ń ro ó láìṣe iṣẹ́, tí oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Cortisol nìkan kọ́ ló ń fà á. Ìdílé tí a ti wá, àìsàn ara, ìyà ìgbà èwe àti àìrí ẹni fẹ̀yìn tì ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ibì kan tó dùn mí jù ni ti àwọn abiyamọ. Ní Iléṣà, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, Abiodun Adewuya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìyá 876 wò ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005: nǹkan bí 15 nínú 100 ló ní àìsàn ìdoríkodò. Ẹ ro bí ilé ọmọ tuntun ṣe ń rí. "Ẹ kú ewu o, ẹ kú oríire!" Omi gbígbóná wà lórí iná, ìyá ọkọ ti dé, orúkọ ń bọ̀ láti ibi gbogbo. Ọ̀rọ̀ wo ni abiyamọ náà fẹ́ lò láàrín wọn? Bó bá ní inú òun bàjẹ́, wọ́n á bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Nítorí pé kò rí ìdí tó lè sọ, á dákẹ́, wọ́n á sì ní oyún ló rẹ̀ ẹ́.

Àwọn dókítà ní ìbéèrè mẹ́sàn-án kan tí wọ́n fi ń wá àìsàn yìí rí. Wọ́n máa ń béèrè ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láàrín ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá: oorun, oúnjẹ, agbára, ìfẹ́ sí nǹkan, ìdára-ẹni-lẹ́bi, àìlè pọkàn pọ̀, àti èrò ikú. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 tí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá títí dé 3 tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ní 2006, Adewuya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó lè lo irú rẹ̀ fún ìyá tí kò gbọ́ èdè òyìnbó, wọ́n gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà, kí wọ́n fi méjèèjì wéra. Ibẹ̀ ni "inú yín ò dùn" ti máa ń bọ́ sí ìbínú. Lérò tèmi, "ṣé nǹkan tó máa ń wù yín tẹ́lẹ̀ kò wù yín mọ́?" dára ju ìbéèrè èyíkéyìí tó dá lórí inú lọ.

Ní Uganda, Paul Bolton àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bi àwọn ará abúlé léèrè orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe ìṣòro náà. Èdè Luganda ní yo'kwekyawa fún ẹni tó kórìíra ara rẹ̀, àti okwekubagiza fún ẹni tó ń káàánú ara rẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí ni wọ́n fi wá àwọn aláìsàn rí ní abúlé 30. Ní ìdajì àwọn abúlé náà, àwọn aláìsàn ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2003, ara àwọn tó pàdé ti yá gan-an ju ti àwọn yòókù lọ, láìlo oògùn.

Sísọ ọ́ jáde ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọpọlọ. Ní 2007, Matthew Lieberman ní Los Angeles fi àwòrán ojú tó bínú tàbí tó bẹ̀rù han àwọn ènìyàn nígbà tí ẹ̀rọ ń wo inú ọpọlọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá yan ọ̀rọ̀ tó bá ìmọ̀lára ojú náà mu, iṣẹ́ ẹ̀yà ìkìlọ̀, ìyẹn apá kékeré tó ń ta wá jí sí ewu, rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán ni wọ́n yàn fún ojú náà, kò rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rántí ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ nípa Móremí: lẹ́yìn tó fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo rúbọ, àwọn ará Ifẹ̀ ṣèlérí láti jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Wọ́n pe òfò náà lórúkọ, wọ́n sì dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: "ayé sú mi". Nígbà tí a bá gbọ́ ọ, a máa ń sáré dáhùn pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" Ìfẹ́ ló ń mú wa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń ti ilẹ̀kùn. Òfin ìwà ọ̀daràn wa tó ní kí wọ́n fi ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan tún ń fi ẹ̀rù kún un. Ẹ bi í láìfi bò: "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi pé kí o kú?" Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sínú ẹni tí kò ní i tẹ́lẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé oògùn kòkòrò àti ọ̀bẹ kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún àwọn yòókù, ẹ máa kí wọn bí ẹ ṣe ń kí wọn. Lẹ́yìn "Kí ló dé?", ẹ fi ìbéèrè kan kún un: "Láti ìgbà wo?" Bí ìdáhùn bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tí oorun ti lọ, tí ohun tó ń wù ú kò wù ú mọ́, àkókò tó láti rí dókítà. Àfáà lè gbàdúrà, pásítọ̀ lè gbàdúrà, kò sí ìjà láàrín wọn àti ìtọ́jú. Àmọ́ ẹ má rán an lọ sílé ìwòsàn lóun nìkan. Ẹ bá a lọ.